Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbínú Tọkọtaya

Nílé, bí tọkọtaya bá jà lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá onílé á ti kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ á dé, wọ́n á ní kí ọkọ ṣe sùúrù, wọ́n á ní kí ìyàwó kúnlẹ̀. (Kí ló dé tó jẹ́ pé ìyàwó nìkan ló ní orúnkún? Ó di ọjọ́ mìíràn.) Ní Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, aládùúgbò tó bá gbọ́ ariwo yín kò ní wá bẹ̀bẹ̀, ọlọ́pàá ni yóò pè. Ẹ̀yin méjèèjì ló kù, àti ìjọ.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ níbí kò sì fara pẹ́ tilé. Èmi ni mo gba físà iṣẹ́ kéà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera. Abẹ́ físà mi ni ọkọ mi àti àwọn ọmọ gbà wọlé, kó tó di oṣù kẹta ọdún 2024 tí ìjọba ní kí àwọn oníṣẹ́ kéà tó ń bọ̀ má mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì wá ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí, àkáǹtì ìyàwó ni owó ilé sì ń gbà jáde. Bó bá ní kí n bu omi wá, ohùn rẹ̀ á le. Bí mo bá dáhùn, tèmi náà á le.

Éfésù 5:22 ló máa ń yá àwọn ọkùnrin lẹ́nu, pé kí aya tẹríba fún ọkọ. Ẹsẹ 21 ló ṣáájú rẹ̀: ẹ máa tẹríba fún ara yín. Nígbà tí a lọ bá pásítọ̀ wa, tí òun náà ń wa bọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀, ó ka méjèèjì pọ̀, ó tún ka ẹsẹ 25, pé kí ọkọ fẹ́ràn aya bí Kristi ti fẹ́ràn ìjọ tó sì fi ara rẹ̀ fún un. Ó bi ọkọ mi léèrè pé kí ni ó fi sílẹ̀ nítorí tèmi.

"Báńkì," ni ọkọ mi wí.

Ìdáhùn yẹn wọ̀ mí lára ju ìwàásù lọ.

Ìwé Éfésù yìí kan náà ló ní kí oòrùn má ṣe wọ̀ bá ìbínú wa. Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù wá ńkọ́? Ní Dìsẹ́ḿbà, ó ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní Júùnù, ó di ẹ̀yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èmi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọkọ mi ń ṣe ti ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà la ti ń pàdé. Rọ́tà, ìwé àkókò iṣẹ́ wa tó wà lára fíríìjì, la wá fi ṣe oòrùn. Kí ẹni tó ń jáde tó wọ bàtà, a ó sọ ohun tó ń dùn wá, a ó ka Sáàmù kan, a ó gbàdúrà. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé Sáàmù nìkan la rí kà, tí ẹnì kan kò wojú ẹnì kejì. A ṣì ń kà á.

Àwọn ọmọ náà ń gbàdúrà, lédè Òyìnbó, àfi Àmín. Àbígbẹ̀yìn wa bẹ Ọlọ́run pé kí Dádì máa fọ abọ́ bí Mọ́mì bá lọ síṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe Àmín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín lọ sí ìṣọ́ òru ní alẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní pẹ̀lú ọkọ yín. Mo sọ fún pásítọ̀ pé mi ò ní lè máa wá. Ó ní kí n lọ sùn nílé mi.