Kí a tó túmọ̀ orúkọ, ká mọ bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀

Orúkọ ènìyàn ni mo fi ń jẹun. Wọ́n á gbé ìwé ẹ̀rí wá, wọ́n á gbé káàdì wá, èmi á fi gègé àti tàdáwà kọ orúkọ olúwarẹ̀ sí i gàdàgbà. Iṣẹ́ náà kò fẹ́ ìkánjú rárá. Ẹni tó bá kánjú á ba bébà jẹ́, bébà ọ̀hún kì í sì í ṣe olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí èèyàn bá ń fara balẹ̀ fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ọ̀pọ̀ orúkọ ló ní oríkèé, ibi tí wọ́n ti so ọ̀rọ̀ kan mọ́ òmíràn. Ẹ kọ Michael, Daniel, Gabriel àti Nathaniel sábẹ́ ara wọn. "El" tó wà ní ìdí gbogbo wọn yẹn, Ọlọ́run ni, ní èdè Hébérù. Èyí tó kù níwájú rẹ̀ ló ń sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe tàbí irú ẹni tí í ṣe.

Daniel ń sọ pé Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi. Nathaniel ń sọ pé Ọlọ́run ló fúnni. Ìbéèrè ni Michael ní tiẹ̀: ta ló dà bí Ọlọ́run? Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo wọn lọ. Ẹnì kan bímọ, ó sì fi ìbéèrè sọ ọmọ lórúkọ, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọ náà pé kó wá jẹun ni wọ́n ń bi ayé léèrè.

Àwọn Hébérù a tún máa yí gbólóhùn wọn po. "Natan" ni pé ó fúnni. Bí El bá ṣíwájú, Elnathan ni ọmọ ń jẹ́. Bó bá kẹ́yìn, Nathaniel ni. Orúkọ Ọlọ́run kejì tó wọ́pọ̀ nínú orúkọ wọn, èyí tó máa ń jẹ́ Yo níwájú tó sì máa ń jẹ́ Yah lẹ́yìn, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Jonathan àti Nethaniah, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. John tó kúrú báyìí, Yohanan ni níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé Olúwa ṣoore-ọ̀fẹ́. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, Hananiah nìyẹn. Bí Yohanan ti ń ti ẹnu ìlú kan bọ́ sí ti òmíràn ló ń di Ioannes, Johannes, Giovanni, Juan, Jean, Ivan, Seán, Yahya. Ẹni tó gbọ́ Ivan àti Seán kò ní rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àwọn Gíríìkì náà mọ irú ìyípo yìí. "Theos" ni ọlọ́run lọ́dọ̀ wọn, "doron" ni ẹ̀bùn. Theodore ti ibẹ̀ jáde fún ọkùnrin, Dorothy sì jáde fún obìnrin, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí gbólóhùn inú orúkọ ti wúwo tó, kó lọ ka orí kìíní ìwé Dáníẹ́lì. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Júdà lọ sí ààfin Bábílónì, mẹ́rin nínú wọn ni Daniel, Hananiah, Mishael àti Azariah. Ẹ wo ìparí orúkọ wọn dáadáa: El wà nínú méjì, Yah wà nínú méjì. Azariah ń sọ pé Olúwa ti ṣèrànwọ́; Mishael ń béèrè pé ta ni í ṣe ohun tí Ọlọ́run jẹ́. Olórí àwọn ìwẹ̀fà wá sọ wọ́n lórúkọ mìíràn: Belteshazzar, Shadrach, Meshach àti Abednego. Ẹ tún wo ìparí wọn. Kò sí El níbẹ̀ mọ́, kò sí Yah. Ọba Bábílónì fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní orí kẹrin pé orúkọ òrìṣà òun ni òun fi pe Daniel. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ náà ní ìgbèkùn, wọ́n wá tún yọ ẹ̀rí ilé wọn kúrò lẹ́nu ẹni tó bá ń pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí bí wọ́n bá ní kí n kọ Shadrach sórí ìwé ẹ̀rí. Orúkọ tó gbayì ni, nítorí iná ìléru tí ẹni náà là kọjá, mi ò sì bá òbí kankan wí. Ṣùgbọ́n Hananiah ni wọ́n pè é nílé. Ó wù mí kí èèyàn méjì, mẹ́ta máa rántí ìyẹn, kí wọ́n máa fi sọ ọmọ.

Àwọn Hébérù mọ̀ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí Rákélì ń kú lọ lórí ìkúnlẹ̀, Benoni ló pe ọmọ náà, ọmọ ìbànújẹ́ mi. Jákọ́bù kọ̀ ọ́, ó pè é ní Benjamin, ọmọ ọwọ́ ọ̀tún. Ti Thomas kò ní ìtàn gígùn tó ìyẹn: ìbejì ni, ní èdè Árámáíkì, orúkọ Gíríìkì tí Ìhìnrere Jòhánù sì fi pè é, Didymus, ìbejì náà ni.

Ọ̀nà ti èdè Lárúbáwá yàtọ̀. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń mú, wọ́n á wá máa yí fáwẹ̀lì ká wọn. H, m àti d ń tọ́ka sí ìyìn. Muhammad ti ibẹ̀ wá, Ahmad, Mahmud àti Hamid náà sì ti ibẹ̀ wá. Ẹ fi ìka bo fáwẹ̀lì gbogbo wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀yin náà á rí egungun kan náà tó gbé wọn dúró.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ojú ewé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì jà ni ti àwọn orúkọ ìran Jámánì àtijọ́: Robert, William, Richard, Edward, Gertrude, Matilda. Àwọn ojú ewé náà á ní Robert ni ẹni tí ń tàn nítorí òkìkí rẹ̀. Òótọ́ ni pé òkìkí wà nínú rẹ̀, títàn sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn yẹn kì í fi dandan hun orúkọ wọn di gbólóhùn. Ègé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní nílẹ̀, ègé iwájú àti ègé ẹ̀yìn, wọ́n á mú ọ̀kan níhìn-ín, wọ́n á mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n á so wọ́n pọ̀. Fredegund, ayaba àwọn Frank, ọ̀kan nínú ìran Jámánì wọ̀nyẹn, tó kú ní ọdún 597, àlàáfíà ni ègé àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, ogun ni ìkejì. Ta ló lè ṣe gbólóhùn kan gúnmọ́ nínú ìyẹn? Hildegund tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ogun níwájú, ogun lẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ tó fi hàn mí kedere ni ti Wulfstan, bíṣọ́ọ̀bù Worcester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní ọdún 1095. Wulfgifu ni ìyá rẹ̀, Æthelstan ni bàbá rẹ̀. Wọ́n gé iwájú orúkọ ìyá, wọ́n gé ẹ̀yìn orúkọ bàbá, wọ́n so ó, ó di Wulfstan. Ìkookò ni "wulf", òkúta ni "stan". Ojú ewé orúkọ á ní "ìkookò olókùúta", á sì kọjá lọ. Ohun tí orúkọ náà ń sọ gan-an ni pé ọmọ àwọn méjì wọ̀nyí rèé. Ìyẹn dùn létí mi ju ìkookò kankan lọ.

Ó tún ku irú mìíràn, èyí tó wọ́pọ̀ láyé báyìí: orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ nítorí ẹnì kan tó ti jẹ́ ẹ rí. Lẹ́yìn tí àwọn Norman, ará àríwá ilẹ̀ Faransé, gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, William, Robert àti Richard gbòde, èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ náà sì pòórá díẹ̀díẹ̀. Edward kò pòórá ní tiẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ka ọba kan tó jẹ́ ẹ kún ẹni mímọ́, ọba Henry Kẹta sì fẹ́ràn ẹni mímọ́ náà débi pé ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọkùnrin tó bí ní ọdún 1239. "Ọrọ̀" àti "olùṣọ́" ni ègé méjèèjì tó wà nínú Edward, ṣùgbọ́n ẹni mímọ́ yẹn ni ọba rí, kò wo ọrọ̀ tàbí olùṣọ́. Àgbàlagbà pàápàá lè gba orúkọ ẹni tó ti lọ ṣáájú: ní ọdún 533, wọ́n yan àlùfáà kan tó ń jẹ́ Mercurius sípò póòpù ní Róòmù. Orúkọ òrìṣà Róòmù ni Mercurius. Ó pa á tì, ó di John Kejì. Òun ni wọ́n kà sí póòpù àkọ́kọ́ tó pààrọ̀ orúkọ nígbà tó gorí oyè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí àkójọ orúkọ tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, tó wá fi ìtumọ̀ aládùn kan ṣoṣo sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í sọ èdè tó ti wá, wọn kì í sọ bóyá gbólóhùn ni, àbí ègé méjì, àbí orúkọ ẹnì kan tí wọ́n jogún. Mary ló ń jìyà rẹ̀ jù. Miryam ni ní Hébérù, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo inú àkójọ wọ̀nyẹn, ẹ ó rí "ìràwọ̀ òkun". Àlàyé tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé "stilla maris" ni Jerome, àlùfáà tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn láyé àtijọ́, kọ, ìkán omi òkun, kí ó tó di "stella maris", ìràwọ̀ òkun, lọ́wọ́ àwọn adàwékọ. Lẹ́tà kan ló yí padà. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ kọ̀wé lójoojúmọ́, mo mọ bí ìyẹn ti rọrùn tó.

Àwọn òbí máa ń ní kí n kọ ìtumọ̀ sí abẹ́ orúkọ ọmọ lórí káàdì. Fún Robert, mo máa ń kọ "òkìkí", mo á fi àlàfo sílẹ̀, mo á kọ "títàn", mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan dè wọ́n pọ̀. Fún Mary, Miryam, Maria àti Mary ni mo máa ń kọ tẹ̀léra. Bí òbí bá ta kú pé ìràwọ̀ òkun lòun fẹ́, mo máa ń kọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni wọ́n ti fi ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mo á kọ́kọ́ sọ ìtàn àwọn adàwékọ yẹn fún un ná.