Kọ́ńgò Ìdí Gegele

Lọ́jọ́ ọjà Kábà tó kọjá, mo kí ìyá kan tó ń ta gààrí pé, “Ọ̀kun o, Ìyá.” Ó dáhùn, ó wá bi mí pé, “Ìwọ tí o kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ yìí, kí ló wá ń dá ọ dúró tí o ò fi jalè?” Mo rẹ́rìn-ín. Kọ́ńgò ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó yọ gegele.

Bàbá mi ò ṣe ìrìbọmi, kò kírun. Ẹ̀wà ló ń tà. Bí kọ́ńgò bá kún, yóò tún fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì lé e títí yóò fi máa dà sílẹ̀. Ìyá mi á máa kùn pé òfò ni. N ò pè é ní ẹni mímọ́ o. Òun náà máa ń so ààlè mọ́ igi ìdáná rẹ̀ lóko. Ẹni tí ààlè bá lé sẹ́yìn, ṣé ìwà ló ní àbí ẹ̀rù?

Tai Solarin sọ ní gbangba pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀, àwọn òbí onígbàgbọ́ kó ọmọ lọ sí Mayflower, ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956.

Mo ra kọ́ńgò méjì, mo ní, “Ìyá, èènì ńkọ́?” Ó bu ìkúnwọ́ kan sí i, ó ní, “Jésù á bá ọ sọ̀rọ̀.”