Ẹ Bá Mi Ṣe Alhamdulillah, Òróòro Tèmi Náà Jáde Láìfọ́

Àsàlámù àlékùm o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ ò sí nínú ẹ̀sìn wa náà, ẹ kú dédé àsìkò yìí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kí ń gbé ọ̀rọ̀ ara mi síta, àmọ́ mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lóru ọjọ́ kan pé tí Ọlọ́run bá fi lè yọ mí nínú èyí, gbangba ni màá ti dúpẹ́. Ó ti yọ mí, ẹjẹ́ ló kù.

Ó ti tó ọdún méjì tí inú ti ń run mí. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á gba ẹ̀yìn, á gun ejìká, tó bá ti dé bẹ́ẹ̀ mi ò lè jókòó, mi ò lè dùbúlẹ̀, àfi kí n máa rìn yíká yàrá lóru bí ẹni tó ń rọbí. Oúnjẹ tó lépo ló máa ń jí i, ìkọ́kọrẹ́ tí mo fẹ́ràn yẹn gan-an di ọ̀tá mi. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní ọgbẹ́ inú ni, mo lo oògùn ọgbẹ́ inú títí, mo mu omi kábéèjì, mo mu àgbo, àwọn kan tiẹ̀ ní aráyé ló ń ta mí lọ́fà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, torí ẹni tí inú ń run ò níbi tí ò ní sá sí.

Ẹran Iléyá ló tú àṣírí ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán lálẹ́, kó tó di aago méjì òru mo ti ń bì, mo ń ké, ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní "Màámi, ọgbẹ́ inú kọ́ lèyí, ilẹ̀ á mọ́ a máa lọ ṣe síkáànù." Wọ́n da nǹkan tútù bí ọ̀gì sí mi níkùn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ káàkiri, wọ́n ní òkúta ló kún inú òróòro mi. Mo ní òkúta bí i ti báwo, ṣé èmi ń jẹ òkúta ni?

Dókítà tó dá mi lóhùn, ọmọdé ni sí mi, ó ní "Màmá, ṣé ẹ mọ òróòro?" Ẹ̀rín pa mí nínú ìrora. Èmi tí mo ti lé lógún ọdún tí mo ti ń la ẹja lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí! Ẹja tí òróòro ẹ̀ bá fọ́ nígbà tí wọ́n ń là á, kò sí iyọ̀ tó lè tún un ṣe mọ́. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò tó ń bá wa lọ epo inú oúnjẹ, pé òróòro kàn jẹ́ àpò tó ń tọ́jú ẹ̀ ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè yọ ọ́ kéèyàn má kú. Omi yẹn ló máa ń dì di òkúta, tí òkúta bá wá dí ẹnu àpò náà nígbà tí òróòro ń fún ara ẹ̀ pọ̀, ìrora dé nìyẹn. Ó ní obìnrin tó ti bímọ máa ń ní i ju ọkùnrin lọ, àwọn tó jẹ́ SS, ìyẹn àwọn fòníkú-fọ̀ladìde, náà máa ń tètè ní i.

Ló bá ní iṣẹ́ abẹ ni. Ha! Àbúrò ìyá mi ṣe é láyé ọjọ́un, wọ́n la ikùn ẹ̀ lábẹ́ ìhà, àpá ẹ̀ gùn gbọọrọ, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó pẹ́ kó tó lè gbé agbọ̀n. Mo ní mi ò ṣe, mo padà sílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tó tún gbé mi.

Ìgbà tá a padà ni dókítà wá ṣàlàyé dáadáa. Ó ní àwọn ò ní la ikùn, laparoscopic ni wọ́n ń pè é, ihò kéékèèké mẹ́rin ni, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo. Wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó wú kí àyè lè wà, gáàsì kan náà tó ń hó nínú miníráàlì, wọ́n á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n á máa wo inú èèyàn lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fi irin gígùn gé òróòro, wọ́n á kó o sínú àpò kékeré kan, wọ́n á fà á jáde. Mo ní "Dókítà, ẹ má fọ́ ọ o!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ kò tàn mí, ó ní tí òróòro bá lẹ̀ mọ́ inú jù tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, àwọn lè padà la ikùn náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ mi ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, ó ní dókítà ará Jámánì kan, Erich Mühe, ló kọ́kọ́ yọ òróòro báyìí ní 1985, pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ gbà pé nǹkan gidi ni.

Lọ́jọ́ náà wọ́n fún mi lóògùn oorun, Àyátù Kúrísíyù tí mò ń ké, mi ò ké e dé ìdajì. Nígbà tí mo jí mo fọwọ́ wá ojú ọgbẹ́ ńlá, mi ò rí i, plásítà mẹ́rin péré, mo rò pé wọn ò tíì ṣe é ni. Ejìká ló wá ń dùn mí, mo pariwo pé ikùn ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe, ta ló fọwọ́ kan ejìká mi? Nọ́ọ̀sì ní gáàsì tó kù nínú ikùn ló ń fà á, kí n dìde máa rìn. Mo rìn, ó rọlẹ̀. Mo mu ọ̀gì lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ méjì mo ti wà nídìí ẹja, wọ́n kàn ní kí n má tíì gbé ẹrù wúwo ni.

Mi ò ní parọ́, owó ẹ̀ dùn mí, ó wọ́n ju kí wọ́n la ikùn lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló nírinṣẹ́ ẹ̀. Owó àjọ mi lódindi ló lọ, olórí àjọ wa ló jẹ́ kí n tètè kó o, Ọlọ́run á kó tiẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ta ẹja tẹ́ ẹ sì kó owó ẹ̀ pé pérépéré, mo rí yín. Bàbá àwọn ọmọ mi tó sun orí àga lọ́sibítù, ẹ ṣeun sà.

Àsàlátù ọjọ́ Sunday yìí, èmi ni mo ń gbé sàráà bọ̀, àkàrà àti mọ́sà, ẹ̀yin lẹ máa jẹ èyí tó lépo. Àwọn òkúta náà wà nínú ìgò, ọ̀kan nínú wọn tó ẹ̀wà funfun, mo ń mú un bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó tètè dé.