Sátidé lẹ́nu ilé búrẹ́dì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa búrẹ́dì Agége

Bí ẹ bá fẹ́ mọ adùn búrẹ́dì Agége dáadáa, ẹ má jókòó sílé de ẹni tó ń kiri rẹ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí èmi àti àwọn ọmọ mi ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti lè fẹsẹ̀ ara wọn rìn, mo sì ti kọ́ àwọn nǹkan kan tí mo fẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀.

Àkókò ló ṣáájú. Òru làwọn oníbúrẹ́dì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò, àwọn alátùntà ló ni ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti tò síwájú ilé. Ẹni tó bá wá ra ẹyọ kan lákòókò yẹn á dúró títí, kò sì yẹ kó bínú, torí oúnjẹ òòjọ́ àwọn ìyá yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé tiwọn lọ. Ẹ wá béèrè ìgbà tí wọ́n máa yọ èyí tó tẹ̀lé e, nítorí ilé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Kí ẹ tó béèrè, ẹ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn." Àwọn tó wà nídìí ààrò láti òru máa ń mọ rírì ìkíni yẹn. Wọ́n á dáhùn pé, "Ẹ ṣé, mà. Ó kù díẹ̀ kó jáde." (Nígbà tí ìmọ́tótó àyíká ṣì wà ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù l'Ékòó, aago mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lù ká tó lè jáde, búrẹ́dì á sì ti tutù. Ní 2016 ni ìjọba fòpin sí sísé àwọn èèyàn mọ́lé yẹn.)

Bó bá jáde, ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀, kí ẹ má sì fi ọ̀bẹ kàn án. Ọ̀bẹ á tẹ inú rẹ̀ pọ̀ á wá lẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á, kí ẹ lè rí bó ṣe ń fà, tó ń ya ní fọ́nrán fọ́nrán. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń ki fuláwà tí wọ́n ti pò bọ àárín irin roboto méjì tó ń yí, wọ́n á tún ká a, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí á fi máa dán. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ékòó ní 1913, wà lára àwọn tó mú ẹ̀rọ náà wọ iṣẹ́ búrẹ́dì nílẹ̀ wa. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni òkìkí búrẹ́dì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Àwọn àgbà Agége sì máa ń sọ pé àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ra búrẹ́dì níbẹ̀ ló gbé orúkọ ìlú wọn káàkiri.

Ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì la ti máa ń rí bẹ́ńṣì, ìyá ẹlẹ́wà àti máíṣáyì. Ibẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ̀wà àgọ̀yìn ló bá búrẹ́dì yìí mu jù lọ lójú tèmi. Àwọn èèyàn tó wá láti ìhà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ló gbé e wá, ó sì ti di ti gbogbo wa. Wọ́n á se ẹ̀wà títí á fi rọ̀ pátápátá. Ata gbígbẹ tí wọ́n rún wúruwùru ni wọ́n ń dín pẹ̀lú àlùbọ́sà nínú epo pupa títí á fi dúdú. Bí ata yẹn ò bá dúdú, ẹ̀wà lásán lẹ ń jẹ. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi bọ́tà sí búrẹ́dì tó fẹ́ fi jẹ ẹ́. Epo ata ti tó. Ẹ má gba ṣíbí, búrẹ́dì ni kí ẹ fi bù ú, kí ata ráyè wọ inú rẹ̀. Ní ti tíì, ẹ sọ fún máíṣáyì kó dín ṣúgà kù, torí ṣúgà ti wà nínú búrẹ́dì. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń da tíì láti kọ́ọ̀pù kan sí èkejì títí á fi hó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fojú fò. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní potassium bromate máa ń mú kí búrẹ́dì wú, kó tóbi lójú. Àwọn onímọ̀ rí i lára eku pé ó ń fa jẹjẹrẹ kíndìnrín. NAFDAC ti fòfin dè é, Dora Akunyili sì bá àwọn tó ń lò ó jà gan-an nígbà tó ń darí àjọ náà. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ nínú búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ara ọ̀rá: orúkọ ilé búrẹ́dì, àdírẹ́sì, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, mi ò ní rà á fún ọmọ. Àǹfààní mìíràn tó wà nínú lílọ síbẹ̀ fúnra ẹni ni pé ẹ lè béèrè lójúkojú ohun tí wọ́n ń fi sí i, kí ẹ sì fojú ara yín rí i bóyá ibi iṣẹ́ wọn mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé díẹ̀ relé, ẹ má di ẹnu ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná. Ooru rẹ̀ á di omi, á sì tètè bu. Ẹ má kó o sínú fìríìjì náà, ibẹ̀ ló ti ń yára gan. Orí tábìlì ló dáa fún un di ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wá yan án lórí páànù gbígbẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di Mọ́ńdè, ẹ gé e, ẹ rì í sínú ẹyin àti mílíìkì, kí ẹ dín in fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé.