Titus màámi àti èbúté "Aṣínóyè"

Láti kékeré ni mo ti ń bá màámi gbé páálí Titus n'Íjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yìnyín l'Ókè-Ajé, mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ rí, àfi ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo rí Japan gàdàgbà níbẹ̀. Japan kẹ̀! Ṣebí mọ́tò là ń rà lọ́wọ́ wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Hachinohe, ní Aomori lápá àríwá Japan, ni mo pè. Aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé ló pe fídíò padà, aago mẹ́fà àárọ̀ Sunday ti lù lọ́dọ̀ tiẹ̀, ó ti wà l'ọ́jà Tatehana létí èbúté, ìsọ̀ tó wà níbẹ̀ ju 300 lọ, March sí December ni wọ́n máa ń ná an, àràárọ̀ Sunday nìkan, kí òòrùn tó mú wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Màámi ní ọjà wo nìyẹn tí èèyàn ò ní ráyè mu gàrí.

Èyí tó wù mí wò jù ni àwọn ọkọ̀ tó ń pa squid (ẹ̀dá inú òkun tí ò léegun, tọ́wọ́ pọ̀ lẹ́nu ẹ̀). Gílóòbù ńláńlá ni wọ́n so kọ́ ara ọkọ̀ yíká, òru ni wọ́n ń tàn án lójú òkun kí ìmọ́lẹ̀ lè fa squid wá, èmi rò pé ọkọ̀ ayẹyẹ ni o! Nínú èbúté yẹn náà ni ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò àti mọ́tò lọ sí Tomakomai, ìlú kan ní erékùṣù Hokkaido lódìkejì omi, wà, kọ̀ǹténà náà wà níbẹ̀. Àbúrò mi ní ní March 2011 omi òkun ru wọ ibẹ̀, ó gbé ọkọ̀ ẹja sórí ilẹ̀, wọ́n sì tún gbogbo ẹ̀ ṣe.

Màámi wá bi í pé ṣé àwọn náà ń jẹ Titus. Ó ní wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa, saba ni wọ́n ń pè é, àmọ́ èyí tó tóbi tó lọ́ràá ni wọ́n fẹ́ràn, kéékèèké ẹ̀ ló pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń dì ránṣẹ́ s'Áfríkà. Màámi pòṣé. "Ṣẹ́ẹ̀kù wọn la wá ń fowó gidi rà? Àwa tá a l'ómi n'Íwòpin!"

Mo ṣáà rò pé wọ́n ti bínú ni. Monday, oníbàárà kan ń ná ẹja mọ́ wọn lọ́wọ́, ni mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ má ná an báyẹn, Aṣínóyè lẹja yìí ti wá."