Kóńgò Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ọ̀wọ́n Gógó

Yábà, alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Wọn ò mú iná wá láti ìrọ̀lẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ka ìwé àwọn ọmọ SS2 mi. Mo ní kí kálukú kọ gbogbo ohun tí ilé wọn ná láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí wọ́n má fo nǹkan kan. Mo rò pé wọ́n máa fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ni. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Aláta ní Òyìngbò ló fà á. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ń ná rodo lọ́wọ́ wọn, rédíò ẹ̀gbẹ́ wọn ń sọ pé ọ̀wọ́n gógó ti rọlẹ̀. Wọ́n gbójú sókè: "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ọjà wo ló rọlẹ̀? Ṣé Òyìngbò tiwa yìí náà ni?" Kí n tó lanu, oníbàárà mìíràn ti dé. Nígbà tí mo délé, mo ka rodo tí mo rà: mọ́kàndínlógún. Lóṣù tó kọjá, iye yẹn náà ni mo san, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú àwo. Owó ò yí padà, àwo ò yí padà, ata ló dín.

Èsì tí mi ò ráyè fún wọn rèé. Nọ́ńbà tí rédíò ń kà kì í sọ bí ọjà ṣe wọ́n tó, bó ṣe ń yára gbówó lérí ló ń sọ. Danfó tó ń sáré lórí Third Mainland, tó wá dín eré kù, Adéníjì ló ṣì ń lọ. Kò tíì yíjú padà sí Òwòròńṣòkí.

Ti oṣù Kíní 2025 tiẹ̀ tún yàtọ̀. NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ti kéde ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù Kejìlá 2024. Nígbà tí ti oṣù Kíní jáde, 24.48 ni. Oṣù kan péré! Kì í ṣe pé ọjà sinmi, kóńgò ni wọ́n pààrọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi iye ọjà wé, wọ́n wá gbé e wá sí 2024. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, torí ohun tí à ń náwó lé lórí nígbà yẹn kọ́ là ń náwó lé lórí báyìí. Ẹ wo owó dátà nìkan. Àmọ́ ẹni tó fi kóńgò kan wọn gàrí lánàá, tó fi òmíràn wọ̀n ọ́n lónìí, kò gbọdọ̀ sọ pé gàrí ti dín tàbí pé ó ti pọ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ kí àwọn àgbààgbà máa fi 34 àti 24 yẹn wéra.

Ohun tó wà nínú kóńgò yẹn ló wá gbà mí lọ́kàn jù. Nínú ti àtijọ́, oúnjẹ nìkan lé ní ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n kà sí ìnáwó ilé. Nínú tuntun, kò ju nǹkan bí 40 nínú 100 lọ. Oúnjẹ bùkátéríà àti hòtẹ́ẹ̀lì, tí kò ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ tẹ́lẹ̀, ti ń lọ sí 13.

Lọ́dún 1857, ará Jámánì kan, Ernst Engel, jókòó ti ìwé ìnáwó àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀m, bí mo ṣe jókòó ti ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyí lálẹ́ yìí. Ohun tó rí ni pé bí owó ìdílé bá ṣe kéré tó ni oúnjẹ ṣe ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò tíì kọ́ wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ọmọbìnrin kan rèé lọ́wọ́ mi, apá Mákòko ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Gàrí kóńgò méjì. Òróró ìgò kan. Ata. Omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Ìrẹsì tó ń rà jẹ níléèwé. Màrúwà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: nínú gbogbo ₦100, ₦81 ló bá ẹnu lọ.

Owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024, ìjọba Èkó sì ní ₦85,000 ni àwọn máa san. Òfin ní kí wọ́n máa tún un wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Tí wọ́n bá tún jókòó, ìnáwó ta ni wọ́n máa gbé síwájú? Nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè sọ ti ará Ìkòyí kó tún sọ ti ará Mákòko. Kí wọ́n wọn ti mẹ̀kúnnù lọ́tọ̀, kí wọ́n máa kà á lórí rédíò lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi bá òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn. Ìyá ọmọ yìí kì í tiẹ̀ gba owó oṣù. Ìyẹn náà ń dà mí láàmú.

Nísàlẹ̀ ojú ewé, ó fa ìlà, ó kọ "Àwìn" sí i: ìrẹsì, dérìkà mẹ́ta. Ó wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Mà, a ò tíì san án o. Ṣé kí n kà á?"

Mo fi bírò pupa dá a lóhùn: "Kà á. Ẹ ti jẹ ẹ́."