Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Kigali Ló Kó Gbogbo Rẹ̀ Lọ

Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo ṣe láti oṣù Kejì títí dé oṣù Kẹfà, irọ́ ni n ó pa fún yín. Mo mọ̀ pé mo lọ síbi iṣẹ́ ní Màrínà. Mo mọ̀ pé òjò rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yá owó lọ́wọ́ mi tí kò tíì dá a padà (ó ń ka èyí lọ́wọ́lọ́wọ́, kó má wulẹ̀ fi àwòrán ọkàn síbẹ̀). Ìyókù ti wọ inú oṣù Kọkànlá lọ. Ọdún eré ìje kẹ̀kẹ́ ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà, ni ọdún yìí. Ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, ìrora itan sì ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tá a ti jọ ń bọ̀ mọ̀ pé èrò Alága ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa ni. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tá a gun kẹ̀kẹ́ dé Abẹ́òkúta, tí gbogbo wa jókòó sídìí ọ̀fadà tí kò sẹ́ni tó lè dìde mọ́, ló sọ pé bí wọ́n bá ti gbé ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé wá sí Kigali, àwa náà gbọ́dọ̀ lọ gun àwọn òkè yẹn kí ọdún tó parí. A rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi rí eré ìje kékeré kan, ti irú àwa tá à ń fi owó ara wa gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n fi sí oṣù Kọkànlá. Ó ti kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀ kó tó béèrè. Báyẹn ló ṣe máa ń ṣe.

Òkè wo la ní l'Ékòó? Afárá ni òkè wa. Láti Yábàá tí mò ń gbé, Third Mainland Bridge ló sún mọ́ mi jù, kìlómítà 11.8 tó tẹ́jú lọ salalu, atẹ́gùn ọ̀sà nìkan ló ń bá èèyàn jà níbẹ̀. Nítorí náà, afárá tó so Lẹ́kí mọ́ Ìkòyí la sọ di òkè. A ó gùn ún dé ìparí, a ó yí padà, a ó tún gùn ún, títí àwọn tó ń sáré ìdárayá níbẹ̀ fi mọ orúkọ wa, tí obìnrin kan sì fi àánú bi mí bóyá mò ń wá nǹkan tó jábọ́ lọ́wọ́ mi.

Báyẹn la ṣe lo ọdún náà. A ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kí dáńfó tó gba títì, a ń lọ Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé, Bàdágìrì nígbà mìíràn, tó bá wá di ọjọ́ Ajé, mo ń tòògbé níwájú kọ̀ǹpútà. Ibà mú mi, ó fi mí sílẹ̀, ó tún padà wá wò bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Màámi ní iṣẹ́ tí wọn kì í san owó fún ni mò ń fi ara ṣe. Wọ́n bi mí bóyá mi ò lè ra mọ́tò ni. Mo ní mo lè rà á. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tó o fi ń gun ohun tí bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rówó?"

Oṣù Keje. Ẹ mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ nípa rẹ̀ rí, mo sì pa á rẹ́. Òfin Alága ni pé a kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní Falomo kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ọmọ ọba. Ní Sátidé yẹn, a dúró títí oòrùn fi mú, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ là ń dúró dè. Èmi ni mo pe fóònù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e.

Póm̀pù mi ṣì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, póm̀pù gidi, ti àwọn ará Ítálì. Mọ́mì, tí ẹ bá ń ka èyí, mi ò béèrè o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Mọ́mì náà, ìyàwó Alága, ló ní ká lọ. A ti fẹ́ fagi lé gbogbo rẹ̀, ni wọ́n bá pè wá sílé ní Súrùlérè, wọ́n fún wa ní mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní owó tí ọkọ àwọn ti san kò ní ṣòfò sí Rùwáńdà lójú àwọn. Ta ló fẹ́ jiyàn?

Ní oṣù Kẹsàn-án, a péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n láti wo ohun tá a kó ara wa sí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje àgbáyé náà máa wá sílẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 28, àwọn ọkùnrin gun kìlómítà 267.5, àpapọ̀ òkè tí wọ́n gùn sì lé ní mítà 5,000. Wọ́n lé ní 160 tó gbéra, 30 ló dé òpin. Tadej Pogačar ló gbégbá orókè, ó sì pẹ́ tó ti ń dá nìkan wà níwájú. Mo wo ìyẹn, mo wo itan mi, mo wo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Ìrìn tiwa ò tó ìdajì tiwọn, ṣùgbọ́n òkè ò mọ̀ bóyá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ló ń gun òun.

Físà ò fún wa ní wàhálà, nítorí Rùwáńdà ń jẹ́ kí ọmọ Áfíríkà wọlé láìsan owó rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi ló rí wàhálà. Mo dì í sínú páálí, mo fi aṣọ àtijọ́ wé e, mo kọ lẹ́tà gàǹgà sára rẹ̀ pé kí wọ́n rọra. Nígbà tí mo tú u, irin kékeré tó gbé gíà ẹ̀yìn dúró ti wọ́. Mẹkáníìkì kan níbẹ̀, ọmọkùnrin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, tí èmi náà ò sì gbọ́ tirẹ̀ rárá, tú ti ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi sí tèmi, ó sì kọ owó. Irin yẹn kì í sábà bá kẹ̀kẹ́ méjì mu. Ọlọ́run ló ṣe é. Ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kó tó lè bá wọn díje nínú pápá. Ta wá ni mí tí n ó fi máa ráhùn lórí irin tí kò gùn tó ìka?

Kigali lé ní mítà 1,500 sókè ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, ó tutù, kò sì tó mí. A ò tíì rìn jìnnà tí mo ti mọ̀ pé Èkó ni ẹ̀dọ̀fóró mi wà. Nígbà tá a dé òkè Kimihurura, òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà fún kìlómítà kan àti díẹ̀. Àwọn tó wà níwájú mi ń ṣọ́ra, wọ́n ń wá ibi tó tẹ́jú. Èmi ò wá ibì kankan. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ gba Muṣin kọjá lásìkò òjò kì í bá ojú ọ̀nà dúnàádúrà. Mo kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ògo yẹn díẹ̀, nítorí kò pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ibi tí wọ́n ń pè ní Mur de Kigali ló gbà á padà. Mítà 400 péré ni, ṣùgbọ́n bó o bá lọ mítà 100 síwájú, o ti gun mítà 11 sókè. Mo lo gíà tó fúyẹ́ jù, mo wá òmíràn tó tún fúyẹ́ jù ú lọ, kò sí. Gbogbo àwọn tí mo kọjá lórí òkúta wá kọjá mi, wọ́n sì ń kí mi. Bàbá arúgbó kan kọjá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọmọdé kan tó wọ sílípáàsì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pariwo "Komera! Komera!", ìyẹn ni pé kí n mọ́kàn le. Nígbà tó rí i pé mo lọ́ra jù, ó dúró dè mí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí Alága máa ń sọ lórí afárá: "Àbúrò, má wo òkè. Táyà ẹni tó wà níwájú rẹ ni kó o máa wò." Kò sẹ́nì kankan níwájú mi mọ́. Mo wo táyà ara mi. Ó dọ̀tí.

Mo dé òpin. Ẹ má béèrè ipò, wọ́n ti ń to àga léra wọn nígbà yẹn. Mo pe Mọ́mì. Àwọn náà ò béèrè ipò, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ìpara oòrùn wọ̀ mí lójú níbẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó kúrò.

Mo jẹun ṣá. Ẹran ewúrẹ́ sísun tó wà lára igi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, pẹ̀lú Akabanga, òróró ata wọn, tí wọ́n ń kán díẹ̀díẹ̀ láti inú ìgò kékeré. Èmi da tèmi. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá lanu. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ Èkó ni mí. Ata náà ò mọ Èkó.

Ọpẹ́ mi pọ̀. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ojúẹlẹ́gba kò gba owó lọ́wọ́ mi mọ́ láti oṣù Keje, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ṣe bí ẹni tí kò rí mi nígbà tí mò ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá owó sí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní ṣe àṣedànù. Màámi ń fi mẹ́dàlì tí wọ́n fún gbogbo èèyàn han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti gbà pé mo gba ipò kan. Mi ò tíì rí àyè ṣàlàyé.

Ti 2026, mi ò ṣèlérí. Ẹnì kan ń sọ Kùtọ́nù, ó ní ibẹ̀ tẹ́jú. Ibi tó tẹ́jú wù mí. Mo sì ti yọ́ wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì Kigali ń lọ báyìí, ẹ má sọ fún Màámi. Àyè Alága ṣì ṣófo. Wọ́n ní kí n bọ́ sí i, mo ní mi ò ní ohùn tí wọ́n fi ń jí àgbàlagbà ní aago mẹ́rin. Wọn ò dáhùn, wọ́n kàn ń retí kí n fi àkókò ránṣẹ́.

Ó dáa. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kìíní, Falomo, aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹ dé àṣíborí, ẹ mú túùbù àfikún dání. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ó dúró.